Alfonso Caso: Agbẹjọ́rò Tí Ó Fi Lẹ́tà Sọ Àmì Lórúkọ

Bí ẹ bá ṣí ìwé èyíkéyìí tí ó dá lórí àkọsílẹ̀ àwọn Zapotec ayé àtijọ́, ẹ óò pàdé Àmì A, Àmì C, Àmì J àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn Zapotec fúnra wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ lẹ́tà A. Àwọn tí ó gbẹ́ àwọn àmì náà sára òkúta, tí wọ́n sì mọ wọ́n mọ́ ara ìkòkò, ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì tó gúnlẹ̀ sí etíkun Mẹ́síkò. Agbẹjọ́rò kan tí ó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀ ni ó fún wọn ní lẹ́tà, nítorí pé kò lè kà wọ́n, kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tí ó lè kà wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni Alfonso Caso y Andrade. Nínú ẹ̀kọ́ wa, a máa ń gbọ́ nípa Champollion àti àkọsílẹ̀ Íjíbítì, a sì máa ń gbọ́ nípa Maya. Caso kì í sábà jẹyọ. Mo rò pé ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, pàápàá àwa tí a fẹ́ fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jẹun.

Olú-ìlú Mẹ́síkò ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 1896. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ogun ìyípadà bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ní 1910, nítorí náà inú rògbòdìyàn ni ó ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Antonio Caso, tí ó fi ọdún 12 jù ú lọ, di ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ filọ́sọ́fì tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Mẹ́síkò. Ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé, ìwé kò lè jìnnà sí i. Ní 1916, nígbà tí Alfonso wà ní yunifásítì, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti orin fún ará ìlú. Àwọn ènìyàn sọ wọ́n ní Ọlọ́gbọ́n Méje. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lórí. Nínú àwọn méje yìí ni Manuel Gómez Morín wà, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú PAN sílẹ̀ ní 1939, àti Vicente Lombardo Toledano, tí ó di aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Caso fẹ́ àbúrò Lombardo, María, tí òun náà di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ.

Caso gba oyè òfin ní 1919, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ, àfi ìgbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí Xochicalco, àwókù ìlú àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Morelos. Tẹ́ḿpìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ejò oníyẹ̀ẹ́ yí ara rẹ̀ ká, pẹ̀lú àwọn àmì ọjọ́ láàárín ibi tí ejò náà ti ká. Àwọn àmì náà gbà á lọ́kàn, wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó wá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Hermann Beyer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ohun àtijọ́ Mẹ́síkò. Ṣùgbọ́n kò da ẹ̀kọ́ òfin nù. Ẹni tí ó ti kọ́ òfin mọ̀ pé ẹ̀rí ni ẹjọ́ fi ń dúró, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ọkàn rò. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni ìwà agbẹjọ́rò yìí hàn nínú rẹ̀.

Àwọn Zapotec ni ó gbájú mọ́. Ní àfonífojì Oaxaca, ní gúúsù Mẹ́síkò, ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti tẹ ìlú Monte Albán dó sórí òkè ní nǹkan bí ọdún 500 kí wọ́n tó bí Jésù. Wọ́n gé orí òkè náà di pẹrẹsẹ, wọ́n sì kọ́ gbàgede ńlá, tẹ́ḿpìlì, ààfin àti ibojì sí i. Àkọsílẹ̀ wọn wà lára èyí tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nígbà tí Caso bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Maya àti Aztec ni gbogbo ẹnu ń pè. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1928, Las estelas zapotecas, ni ó fi hàn gbangba pé àwọn Zapotec ní àkọsílẹ̀ tiwọn, tí kì í ṣe ti Maya, tí kì í sì í ṣe ti Aztec.

Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ó kó àwọn òkúta gbígbẹ́ jọ, ó ya àmì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó wá ń wo ibi tí àmì náà ti ń jẹyọ, ohun tí ń ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ń tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òru ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mọfọ́lọ́jì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: ènìyàn lè máà gbọ́ èdè náà rárá kí ó sì ti mọ èyí tí ó jẹ́ mọ́fíìmù. Nọ́ńbà ni ó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìlà gbọọrọ kan dúró fún márùn-ún, tóótó kan dúró fún ení. Ìlà méjì pẹ̀lú tóótó mẹ́ta jẹ́ 13. Kàlẹ́ńdà àwọn baba ńlá náà ní orúkọ ọjọ́ 20, nọ́ńbà wọn sì ń lọ láti 1 dé 13. Ìgbà 13 lọ́nà 20 jẹ́ ọjọ́ 260 kí ọjọ́ kan náà tó tún padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún oòrùn ní ọjọ́ 365. Bí ẹ bá pín 365 sí ọ̀nà 20, yóò ṣẹ́ ku 5, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé mẹ́rin péré nínú orúkọ 20 náà ni ó lè fún ọdún lórúkọ. Caso rí i pé àmì kan wà, tí ó dà bí ọ̀já orí àwọn ọba, tí ó máa ń bá kìkì àmì ọjọ́ mẹ́rin rìn. Ó ní àmì ọdún nìyẹn. Kò gbọ́ Zapotec kí ó tó rí i. Ìṣirò àti sùúrù ni ó fi rí i.

Ibi tí ìṣirò parí sí ni orúkọ ti di ìṣòro. Àlùfáà ará Sípéènì kan, Juan de Córdova, ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Zapotec àti ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1578, ó sì to orúkọ ọjọ́ 260 náà sínú gírámà yìí. Nítorí náà orúkọ wà nínú ìwé, àmì wà lára òkúta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó so èwo mọ́ èwo. Èyí tí ẹ̀rí wà fún, Caso so ó. Èyí tí ẹ̀rí kò sí fún, ó fún un ní lẹ́tà, ó sì kọjá lọ. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìtumọ̀. Àyè ni ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 1931, ó gòkè lọ sí Monte Albán láti wá walẹ̀. Sáà àkọ́kọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní, 1932, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣí Ibojì 7 láti òkè àjà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 400: ẹ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà, ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye, agbárí ènìyàn tí wọ́n fi òkúta turquoise ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ife tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta tí ó mọ́ gaara bíi dígí, àti eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín àwòrán sí. Ẹlòmíràn ì bá kéde pé wúrà àwọn ọba Zapotec ni òun rí. Caso wo àwòrán ara eegun wọ̀nyẹn, ó rí i pé ọwọ́ àwọn Mixtec, aládùúgbò Zapotec, ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn Zapotec ni wọ́n kọ́ ibojì náà, ṣùgbọ́n àwọn Mixtec ni wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láti sin òkú tiwọn síbẹ̀. Títí di òní, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti kù síbì kan ṣá: Caso ka òkú tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ibojì náà sí ọkùnrin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn olùwádìí mìíràn tún àwọn eegun fínfín náà wò, wọ́n ní àwòṣe apásà ìhunṣọ ni wọ́n, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyá ọlọ́lá kan ni wọ́n kó gbogbo ọlà yẹn sin pẹ̀lú.

Wúrà ni ayé ń pariwo lé lórí, àmọ́ ìkòkò ni ó gba àkókò Caso jù. Títí di òpin ẹ̀wádún 1940 ni ó ń padà sí òkè náà, òun pẹ̀lú Ignacio Bernal àti Jorge Acosta, wọ́n sì wo ibojì tí ó lé ní 150. Inú àwọn ibojì wọ̀nyí ni wọ́n ti ń rí ohun tí mo ń pè ní ìkòkò elére. Ìkòkò gbọọrọ kan ni, bí ife ńlá, tí wọ́n mọ ère ènìyàn mọ́ iwájú rẹ̀. Ère náà jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún tàbí àyà. Adé orí rẹ̀ lè gùn tó ara rẹ̀. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n máa ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ òkú, tàbí sínú ihò kékeré lókè ẹnu ọ̀nà ibojì. Ọ̀kan wà lókè ẹnu ọ̀nà Ibojì 104, ó jókòó bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Ìkòkò náà fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣófo.

Àwọn àmì tí Caso ti tò ní 1928 tún jẹyọ lára àwọn ìkòkò yìí, lórí adé àti lórí àyà ère. Ní 1952, òun àti Bernal tẹ Urnas de Oaxaca jáde, ìwé tí wọ́n ti pín àwọn ìkòkò náà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí adé, ìbòjú àti àmì wọn ṣe rí. Ẹni tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni Cocijo, òrìṣà òjò àti mànàmáná, tí ètè òkè rẹ̀ yọ síta, tí ahọ́n rẹ̀ là sí méjì bíi ti ejò. Òrìṣà àgbàdo náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú odidi àgbàdo lórí adé rẹ̀, àti òrìṣà àdán. Àmì C ni ó sábà máa ń wà lórí adé Cocijo. Ní ti Caso, ẹnu àmọ̀tẹ́kùn ni àmì náà ń yà. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ní rárá, ìkòkò omi ni. Ẹ wá wo ohun tí lẹ́tà ṣe fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti sọ ọ́ ní Àmì Ẹnu Àmọ̀tẹ́kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn ì bá ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé gbogbo ìwé ni a óò tún kọ. Ṣùgbọ́n C ni ó pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà, orúkọ kò yí, a sì ṣì lè ka ìwé 1928 láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ère fúnra wọn. Nígbà tí ó kan ẹni tí ère dúró fún, Caso àti Bernal pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òrìṣà, kódà àwọn tí orúkọ wọn kò ju orúkọ ọjọ́ lọ, bíi Ejò 13. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Zapotec ń fi ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ bíi Joyce Marcus fi wí lẹ́yìn náà pé púpọ̀ nínú àwọn ère yìí kì í ṣe òrìṣà, bí kò ṣe baba ńlá ìdílé, ọba àti ìyáàfin tí wọ́n ti kú, tí wọ́n gbé ìbòjú Cocijo wọ̀. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Bí ère bá jẹ́ òrìṣà, gbogbo ayé ni ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ baba ńlá, ìdílé kan wà tí ó ń pè é lórúkọ. Ó dùn mí pé ọkùnrin tí ó ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àmì kò fún àwọn ère náà ní lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú tún wà níbẹ̀. Àwọn olóhun-àtijọ́ ń wá ìkòkò elére kiri láti ìgbà tí ọ̀rúndún 20 ti bẹ̀rẹ̀, àwọn amọ̀kòkò kan sì ń ṣe é fún wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ọ̀nà láti fi èérún amọ̀ mọ ìgbà tí iná sun ìkòkò, ó hàn pé ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò tíì pé 100 ọdún. Èyí tí Caso fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú nínú ibojì ni a fi ń yẹ àwọn yòókù wò, nítorí a mọ ibojì tí ó ti jáde, ibi tí ó jókòó sí àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní 1949, ó tún ṣe ohun tí ó jọ ti 1928. Ó mú àwòrán ilẹ̀ Teozacoalco, tí wọ́n yà ní 1580 láti fi dá ọba Sípéènì lóhùn, tí ìtàn ìdílé àwọn ọba ìlú náà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ní èdè Sípáníìṣì. Ó fi orúkọ àwọn ọba ibẹ̀ wé orúkọ inú àwọn ìwé aláwòrán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ òrìṣà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n bá ara wọn mu. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé ìtàn ọba Mixtec ni àwọn ìwé náà, tí ó sì lọ sẹ́yìn ní ọ̀rúndún lọ́nà púpọ̀. Ìwé ńlá tí ó kọ lórí àwọn ọba wọ̀nyí kò jáde àfi ìgbà tí ó ti kú.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba kò jẹ́ kí ó sinmi. Òun ni olórí àkọ́kọ́ fún INAH, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mẹ́síkò, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1939. Ní 1944, nígbà tí ìjà tú yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ká, òun ni wọ́n pè láti wá ṣe ọ̀gá àgbà. Kò pé ọdún kan lórí àga, ṣùgbọ́n òfin yunifásítì náà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn èyí, láti ìparí 1948 ni ó ti di olórí INI, ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa oní-ìmọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Zapotec kì í ṣe èdè òkú. Ní àfonífojì Oaxaca kan náà, ní ìlú bíi Teotitlán del Valle, wọ́n ń sọ ọ́ títí di òní. Àwọn tí ń sọ ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn èdè Zapotec lé ní 400,000. Èdè olóhùn ni, bíi Yorùbá. Yí ohùn padà, ìtumọ̀ yí padà. Àwọn ọmọ tí ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ ni INI ń bójú tó. Caso kò kórìíra wọn. Ní 1948, ó kọ̀wé pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọ̀ ni a fi ń mọ ọmọ onílẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹni náà ka ara rẹ̀ sí ọmọ àwùjọ wọn. Láti 1951, ní Chiapas, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ Tzeltal àti Tzotzil láti máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Ó dára. Ṣùgbọ́n afárá ni èdè abínibí jẹ́ nínú ètò náà. Òdìkejì odò ni Sípáníìṣì wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọmọ dé, kí orílẹ̀-èdè lè ṣọ̀kan. Ẹni tí ó ti lo ọdún tí ó lé ní 20 láti fi hàn pé àwọn baba ńlá wọn mọ̀wé kò ṣe ètò kankan tí àwọn ọmọ náà yóò fi di ọ̀mọ̀wé nínú èdè tiwọn.

Kí ó tó kú, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ti dìde sí ètò náà. Wọ́n ní sísọ gbogbo ènìyàn di ọ̀kan kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì kó àríwísí wọn jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1970. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni Caso dágbére fáyé, ní ẹni ọdún 74. Ní 2003, òfin Mẹ́síkò wá ka àwọn èdè onílẹ̀ sí èdè orílẹ̀-èdè pẹ̀lú Sípáníìṣì. Ọdún 33 ti kọjá lórí sàréè rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà náà ṣì wà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ̀lé e, bíi Javier Urcid, ń fi orúkọ ọjọ́ rọ́pò wọn, wọ́n ń fi ohun tí Córdova kọ wé ohun tí ó wà lára òkúta àti ìkòkò. Àwọn kan kò tíì rí orúkọ gbà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan nínú dátà yín tí kò bá òfin tí ẹ gbé kalẹ̀ mu, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, ẹ má sì yọ ọ́ sọ nù. Ẹ fún un ní lẹ́tà kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì padà lọ bá àwọn tí ń sọ èdè náà.